Àbẹ̀kẹ́, Má Tíì Tọwọ́ Bọ Ìwé Yẹn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara wa le nílé. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. O ní ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ fẹ́ yá owó ní báǹkì, ó sì fẹ́ kí o ṣe onígbọ̀wọ́ òun. Pé orúkọ rẹ lásán ni wọ́n nílò, òun ni yóò máa san án lóṣooṣù. O ní ojú ń tì ọ́ láti kọ̀, nítorí ó gbà yín sílé nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé Virginia. Ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí a lè sọ wéréwéré lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

O mọ̀ pé ìtàn ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Fara balẹ̀ gbọ́ ti Thomas Jefferson, ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí yín. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ẹni tó kọ Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776, àti ààrẹ wọn kẹta. Èmi, ọdún tó lò lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni mo fẹ́ kí o wò, láti 1809 títí di 1826, lórí òkè Monticello níbi tí ilé rẹ̀ wà.

Ọkùnrin náà kò rí ìsinmi. Lẹ́tà ń ya wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ní 1822 ó sọ fún John Adams, ààrẹ Amẹ́ríkà kejì, pé òun ka iye tí òun gbà lọ́dún kan, ó jẹ́ 1,267, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fẹ́ ìdáhùn tó gba ìwádìí. Ẹ̀rọ kan tó ní kálámù méjì ló fi ń kọ̀wé: bó ti ń fi ọ̀kan kọ, èkejì ń kọ ohun kan náà sórí bébà mìíràn, kí ẹ̀dà lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti yẹ̀ ní Paris láti 1786, ìrora rẹ̀ sì padà wá bá a lọ́jọ́ ogbó.

Bó ṣe tún bá Adams rẹ́ wú mi lórí. Àwọn méjèèjì ti jọ jà fún òmìnira, ìdìbò 1800, tí wọ́n ti jọ du ipò ààrẹ, sì da àárín wọn rú fún ọdún púpọ̀. Benjamin Rush, oníṣègùn, ló ń bẹ̀ wọ́n títí Adams fi kọ̀wé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1812. Láti ìgbà náà wọn kò dákẹ́ mọ́ títí ikú fi mú àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1826. Ìwọ náà ní ẹni tó yẹ kí o kọ̀wé sí. O mọ ẹni tí mo ń sọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni mo ń bọ̀ wá bá. Láti 1767 títí di ọdún tó kú ni Jefferson fi ń kọ gbogbo owó tó ná sílẹ̀, títí kan èyí tó ta alágbe lọ́rẹ. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà á rò pé kò sí ẹni tó mọ̀wọ̀n owó rẹ̀ tó o. Àmọ́ kì í pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè mọ iye tó kù àti iye tó jẹ. Ó mọ ohun tó ná lánàá, kò mọ ibi tí òun dúró sí. Nígbà tó ń múra àtifi ipò ààrẹ sílẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé gbèsè òun pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ, bẹ́ẹ̀ 25,000 dọ́là ni wọ́n ń san fún un lọ́dún.

Gbèsè náà ti pẹ́. Bàbá ìyàwó rẹ̀, John Wayles, kú ní 1773, ó fi ilẹ̀ àti ẹrú sílẹ̀ fún wọn, gbèsè àwọn oníṣòwò Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bá a wá. Jefferson ta ilẹ̀ kó lè san án. Owó bébà tí ogun òmìnira ti sọ di yẹpẹrẹ ni àwọn tó ra ilẹ̀ fi san fún un. Lórí èyí ló tún ń kọ́lé, tó ń wó o, tó tún ń kọ́ ọ, tó ń ra wáìnì àti ìwé, àlejò sì ń rọ́ wọlé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé aṣòfin ní Washington ní 1814, ó ta ìwé tirẹ̀ fún ìjọba, 6,487 ìwé, ní 23,950 dọ́là. Ọ̀pọ̀ owó náà lọ bá gbèsè. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé.

Wàyí o, gbọ́ èyí dáadáa. Wilson Cary Nicholas ti ṣe gómìnà Virginia. Ọmọ rẹ̀ Jane ló fẹ́ ọmọ-ọmọ Jefferson ní 1815. Àna ni wọ́n, bíi tiyín. Òun náà ló jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka báǹkì kan ní Richmond, ó sì ti ran Jefferson lọ́wọ́ láti yá owó níbẹ̀. Ní 1818 ó ní kí Jefferson ṣe onígbọ̀wọ́ òun lórí ìwé gbèsè méjì, 10,000 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò sọ fún irú àna bẹ́ẹ̀ pé rárá? Ẹni ọdún 75 ni Jefferson, ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Ní 1819 ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, iye ilẹ̀ já wálẹ̀, okòwò Nicholas dojú dé. Gbèsè 20,000 dọ́là di ti Jefferson. Èlé rẹ̀ nìkan jẹ́ 1,200 dọ́là lọ́dún, kí a tó sọ ti owó tí wọ́n yá gan-an.

Nicholas kú ní 1820 nílé ọmọ rẹ̀, itẹ́ òkú ìdílé Jefferson ní Monticello ni wọ́n sì sin ín sí. Kò pète láti pa àna rẹ̀ lára. Èèyàn dáadáa ni, gẹ́gẹ́ bí o ti sọ nípa ẹ̀gbọ́n yín. Báǹkì kì í gba ìwà rere nígbà tí nǹkan bá yí padà. Ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n ń wá.

Ní oṣù Kejì 1825, bàbá kan tó fi orúkọ Jefferson sọ ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sí ọmọ náà. Lára ohun mẹ́wàá tó kọ ni pé kó má ṣe ná owó rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mo gbà pé tọkàntọkàn ló fi kọ ọ́, torí ojú rẹ̀ ti rí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin Virginia gbà á láyè kó fi lọ́tìrì ta ilẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà kò gbà á. Ó kú pẹ̀lú gbèsè tó ju 100,000 dọ́là lọ.

Ta ló san án? Ní oṣù Kìíní 1827 wọ́n lu dúkìá rẹ̀ ní gbàǹjo: àga, ẹran ọ̀sìn, àti ẹrú 130 tí wọ́n kéde pé wọ́n fẹ́ tà. Joseph Fossett, alágbẹ̀dẹ, wà lára ọkùnrin márùn-ún tí ìwé ìhágún Jefferson dá sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ Edith, tó ń se oúnjẹ Jefferson, àti àwọn ọmọ wọn bọ́ sínú gbàǹjo. Ọmọ ọdún 11 ni Peter ọmọ wọn, ó sì ju 20 ọdún lọ lẹ́yìn gbàǹjo náà kó tó gba òmìnira.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìwọ̀fà: bí gbèsè bá há ẹnìkan mọ́, ó lè fi ọmọ rẹ̀ sìn lóko olówó. Ohun ìrora ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jìyà rẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ tí owó bá pé, ọmọ yóò padà sílé. Àwọn tí wọ́n tà ní Monticello kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n dá fún wọn láti padà. Mi ò fi ọ́ wé ẹni tó ní ẹrú, Àbẹ̀kẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé kọ́ ni ẹrù náà sábà máa ń wọ̀ lọ́rùn jù. Ní tìrẹ, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ bá a lọ.

Kí ìwọ àti ọkọ rẹ jókòó, kí ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ jẹ jọ, ti ilé, ti mọ́tò, ti káàdì, kí ẹ pa á pọ̀, kí ẹ kọ àpapọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí ẹ lè fún ẹ̀gbọ́n yín láìretí pé yóò padà, kí ẹ fún un, kí ẹ má pè é ní ẹ̀yáwó. Pè é fúnra rẹ, má fi WhatsApp sọ ọ́. Kí i bó ṣe yẹ kí a kí ẹ̀gbọ́n ọkọ, dúpẹ́ oore tó ṣe yín, kí o wá sọ pé bàbá rẹ ló ní kí o má tọwọ́ bọ̀wé. Bí inú bá máa bí i, kó bí i sí mi. Èmi náà yóò pè é lọ́sẹ̀ yìí, a ó jọ sọ ọ́ bí àna sí àna.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá èlùbọ́ tó fi ránṣẹ́ ti dé. Kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti ṣe ìṣirò náà tán.

Èmi ni,
Bàbá rẹ