Má Gba Báírò Lọ́wọ́ Wọn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì gbé e fún bàbá rẹ kí àwọn náà gbọ́. Wọ́n ní kí n kí ọ kú oríire, pé ẹni tí yunifásítì Amẹ́ríkà bá fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lé lọ́wọ́ láti kọ́ ní àròkọ kí ó tó gboyè ọ̀mọ̀wé, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Èmi náà kí ọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn yẹn, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà sí ọ.

O ní kí ni ọmọ Òṣogbo fẹ́ kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà nípa Gẹ̀ẹ́sì kíkọ, nígbà tó jẹ́ pé inú èdè náà ni wọ́n bí wọn sí. O ní ọ̀kan nínú wọn béèrè ibi tí o ti wá kí ó tó béèrè ohun tí o fẹ́ kọ́ wọn. Gbọ́ mi. Ní ọdún 1874, Harvard, yunifásítì ńlá kan níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn tó fẹ́ wọlé kọ àròkọ nínú ìdánwò àbáwọlé. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ náà ń sọ láti orí ọmú, ilé ìwé gidi ni wọ́n sì ti wá. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ burú débi pé àwọn olùkọ́ ń pariwo, nígbà tó sì di 1885, ẹ̀kọ́ àròkọ di dandan fún ọmọ ọdún kìíní níbẹ̀. Àwọn yunifásítì yòókù tẹ̀ lé wọn. Nítorí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú gan-an ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí sílẹ̀! A kì í bí ìwé kíkọ mọ́ ènìyàn. Bí a ṣe ń to èrò kí ó lè yé ẹni tí kò sí nítòsí, kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ, ìwọ sì ti kọ́ ọ ní èdè méjì. Ọmọ tó bá tún béèrè ibi tí o ti wá, sọ fún un pé Òṣogbo ni, kí o sì ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá.

Bí wàá ṣe ka ìwé náà ló jẹ mí lógún. Nígbà àkọ́kọ́ tí o bá ka àròkọ ọmọ kan, má mú báírò dání rárá. Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni, gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Kà á dé ìparí bí ẹni tó gba lẹ́tà láti ilé. Kí ni ọmọ yìí ń gbìyànjú láti sọ? Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kò tíì tó àkókò fún ọ láti fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí o wá wo àṣìṣe, ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ̀ wá sì ni kí o wá. Mo kọ́ ọmọkùnrin kan rí ní Fọ́ọ̀mù Kẹta tó kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa ìyá rẹ̀, tó sì pe ìyá náà bí ọkùnrin láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní olódo ni. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, "ó" kan náà ni à ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Òfin ni ọmọ náà ń tẹ̀ lé, òfin èdè tó bá a dàgbà ni. Mo fi hàn án, kò sì pẹ́ tó fi yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mo kàn fi báírò pupa yí gbogbo rẹ̀ po ni, ì bá ṣì máa ṣe é títí tó fi jáde.

Obìnrin kan ní New York, Mina Shaughnessy, ló la irú ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn olùkọ́ ilẹ̀ yín. Ní 1970, CUNY, yunifásítì ìlú náà, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó bá ti parí ilé ìwé gírámà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tálákà rọ́ wọlé, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ Puerto Rico, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì kọ́ ní àròkọ rí. Àwọn olùkọ́ kan wo ohun tí wọ́n kọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àtúnṣe. Shaughnessy ní tirẹ̀ kó nǹkan bí 4,000 àròkọ àwọn ọmọ náà jọ, ó ń kà wọ́n fínnífínní, ó sì rí i pé àṣìṣe wọn kì í ṣàdédé wáyé. Ọgbọ́n ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1977. Ọdún kejì ló kú, ó sì dùn mí pé kò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wá ìwé náà kà ní ilé ìkàwé yín.

Ní 1970 yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, ọmọ tó ń sọ èdè Sípéènì nílé, tàbí tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, má ṣe é bí ẹni tó mú àìmọ̀ wá láti ilé. Fi bí ìwé yunifásítì ṣe ń fẹ́ ẹ hàn án, kí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Wàyí o, ibi tí àyà mi ti ń já lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré ni o ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àbúrò rẹ nítorí pé o kò lè fara da kó máa jìyà lórí rẹ̀. Àánú ni, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ló jìyà rẹ̀ ní gbọ̀ngán ìdánwò. O sọ fún mi nípa ọmọkùnrin kan (ó dára bí o kò ṣe dárúkọ rẹ̀) tó kọ àròkọ gígùn pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe pàtàkì, tó wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ nísàlẹ̀ pé bàbá bàbá òun ta oko wọn. O ní ó kù díẹ̀ kí o fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ àròkọ náà fún un, kí o tún gbogbo rẹ̀ tò. O mọ ìwé kọ, á sì dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ ló máa jẹ́, ọmọ náà á sì mọ̀.

Pè é jókòó. Ní kí ó ka àròkọ náà sókè fúnra rẹ̀. Bó bá dé orí gbólóhùn oko yẹn, bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tà á?" Kí o wá dákẹ́. Èyí ló máa nira fún ọ jù. Má dáhùn fún un, má ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí o sì yí ìwé náà sí i: "Wò ó, ohun tí o sọ nìyí. Níbo ni o fẹ́ kó wà?" Mo fi èyí kọ́ ọmọ ní Òṣogbo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní wọn kò ní nǹkan kan láti kọ, ẹnu wọn kún fún un.

Bí o bá ń kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, nǹkan méjì ti tó fún ìwé kan. Ìwé tó bá pupa láti òkè délẹ̀, máàkì nìkan ni ọmọ máa wò níbẹ̀. Bó bá sì ṣe dáadáa, má kọ "ó dára" lásán. Sọ ibi tó ti dára àti ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ChatGPT tí o béèrè, pé báwo ni o ṣe máa mọ ọmọ tó ní kí ẹ̀rọ náà bá òun kọ àròkọ: ọmọ mi, má fi ẹ̀rọ ṣe adájọ́ ọmọ ènìyàn. Ilé iṣẹ́ OpenAI tó ṣe ChatGPT náà ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ènìyàn ló kọ ìwé, wọ́n sì pa á tì ní oṣù Keje 2023 nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn olùwádìí Stanford kó àròkọ TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kì í ṣe èdè wọn, tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún irú ẹ̀rọ méje, àwọn ẹ̀rọ náà sì ní ayédèrú ni ju ìdajì wọn lọ. Àwọn ọmọ bíi tìrẹ ló kọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn. Bí ara bá fu ọ́, ní kí ọmọ náà mú ohun tó kọ́kọ́ kọ wá, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni kò kọ ọ́, ìjókòó yẹn náà lo fi máa mọ̀, láìdójú tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí wọ́n máa pe orúkọ rẹ gan-an, gbà bẹ́ẹ̀. Àṣà ibẹ̀ ni, kì í ṣe àrífín. Ṣùgbọ́n má di ọ̀rẹ́ àríyá wọn, má sì gbé ìwé tàbí máàkì ẹnikẹ́ni sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ nítorí ẹ̀rín. Òfin FERPA, tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ti wà lórí ìyẹn láti 1974. Èyí tó bá fẹ́ sunkún sí ọ lọ́rùn, fetí sí i, kí o sì mú un lọ bá àwọn tí ilé ìwé gbà síṣẹ́ fún ìgbaninímọ̀ràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà F-1 rẹ, físà akẹ́kọ̀ọ́, fi àyè gbà fún iṣẹ́ nígbà tí ilé ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Má jẹ́ kí àánú gbé ọ kọjá rẹ̀. Yan ọjọ́ tí o máa jókòó dè wọ́n, kí o sì ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ yòókù, nítorí pé ìwé ìwádìí tìrẹ náà ń dúró. Bàbá rẹ ní kí o fi orí kejì rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn fẹ́ kà á kí o tó gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n yín, wọ́n sì ti ń béèrè láti àná.

Ọlọ́run á máa ràn ọ́ lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.