Lẹ́tà sí Rẹ̀mí nípa Hadley Chase

Rẹ̀mí ọ̀wọ́n,

Kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ James Hadley Chase ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ẹni tí a máa ń ka ìwé rẹ̀ lábẹ́ dẹ́ẹ̀sìkì nílé ìwé. Àṣé ìlú tí o ń gbé yẹn ni wọ́n bí i sí, ní Ealing, lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1906! René Raymond lorúkọ rẹ̀ gan-an, Hadley Chase kàn jẹ́ orúkọ tó fi ń kọ̀wé ni. Ẹni ọdún 18 ló kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó ń ta ìwé ìmọ̀ àwọn ọmọdé láti ojúlé dé ojúlé, kó tó lọ bá àwọn alágbàtà ìwé ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìtàn jàǹdùkú Amẹ́ríkà ni àwọn èèyàn ń wá lójú méjèèjì, ló bá jókòó kọ tiẹ̀. No Orchids for Miss Blandish jáde ní 1939.

Rẹ̀mí, ọkùnrin yìí ò gbé Amẹ́ríkà rí! Máàpù àti ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro ibẹ̀ ló ń wò kọ̀wé. Àwa tí à ń kà á ní Ìbàdàn náà ò débẹ̀ rí, síbẹ̀ kò sí èyí tó ṣiyèméjì nínú wa.

George Orwell, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bá a wí ní 1944 nítorí ìwà ìkà tó kún inú No Orchids, ṣùgbọ́n òun náà gbà pé ó mọ̀ ọ́n kọ. Lójú tèmi, The World in My Pocket ló ti mọ̀ ọ́n kọ jù. Àwọn olè jí ọkọ̀ onírin tó kó mílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n gbé e pamọ́ sínú káráfáánì, ilé alágbèéká tí ọkọ̀ máa ń fà. Owó wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀kùn ò ṣí! Ọlọ́pàá ń wá wọn kiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ àsọdùn kankan níbẹ̀, ẹ̀rù á ṣáà máa bà ọ́ bí o ṣe ń ṣí ewé.

Ìwé bí 90 ló kọ kó tó kú sí Switzerland ní oṣù Kejì ọdún 1985. Jọ̀wọ́, tí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù, bá mi ra The World in My Pocket. Ẹni tó yá tèmi ò dá a padà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Bísọ́lá