Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Látọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Káfíńtà Lórí Gbọ̀ngàn Àpéjọ Ńlá

Sí alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àtàwọn káńsẹ́lọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Àwa káfíńtà la kọ̀wé yìí, a ò bá yín jà rárá. A mọ̀ pé gbọ̀ngàn yẹn ń mówó wọ̀lú, àlejò tó bá wá ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta á sun họ́tẹ́ẹ̀lì, á jẹun, á wọ takisí, á tún ra nǹkan lọ sílé.

Àmọ́ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ rèé. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá wá pàtẹ ọjà ló máa kan ìsọ̀, tí ìpàtẹ bá parí wọ́n á tún tú u, iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n kọ́ńtíráàtì tẹ́ ẹ gbé fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ò jẹ́ ká lè gbé òòlù kọjá géètì. Ìlú míì ni wọ́n ti ń kó òṣìṣẹ́ wá, tí wọ́n bá gbowó tán, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì padà lọ ná an lọ́hùn-ún. Gbèsè tí wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn náà ńkọ́? Àwa tá a wà nílé là ń san án.

Ẹ wo McCormick Place, gbọ̀ngàn àpéjọ ńlá kan ní Chicago nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 1960. Àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀ ń pariwo pé owó iṣẹ́ ti wọ́n jù, NPE tó jẹ́ ìpàtẹ àwọn oníṣẹ́ rọ́bà kó lọ ìlú míì, Orlando, ní 2012. Ká má purọ́ o, òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, títí kan tàwọn káfíńtà ẹlẹgbẹ́ wa, wà lára ohun tó fà á. Ìdí nìyẹn tá ò fi ní kẹ́ ẹ wá fi wá rọ́pò ilé-iṣẹ́ yẹn.

Ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Tí kọ́ńtíráàtì yẹn bá parí, ẹ jẹ́ kí oníṣòwò tó ń pàtẹ mú káfíńtà tó bá wù ú, kí káfíńtà náà ṣáà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ tún bá wa lẹ ètò ìpàtẹ tó ń bọ̀ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ká lè tètè ra pákó.

Ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn la máa wá bá yín sọ̀rọ̀.

Àwa ni,
Alága àti Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Káfíńtà