Kóòdù olóǹkà mẹ́fà tí wọ́n fi ń kó wa lówó lọ

Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ WhatsApp yìí ti sú wa ní Àkúrẹ́. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ni, ó ṣòro ká rí èyí tí gbájúẹ̀ kò tíì fi nọ́ḿbà ọmọ ẹgbẹ́ kan tọrọ owó níbẹ̀. 'Áàpù báǹkì mi ò ṣiṣẹ́, ẹ bá mi fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà sí àkáǹtì yìí, màá dá a padà lálẹ́.' Kí wọ́n tó pe ẹni tó ni nọ́ḿbà, àwọn kan ti sanwó. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í sì í jọ ti ẹni tó ń tọrọ!

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Gbájúẹ̀ á tẹ nọ́ḿbà yín sínú WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀. Kóòdù olóǹkà mẹ́fà á wá wọ orí fóònù tiyín, torí ẹ̀yin lẹ ni síìmù. Á wá gba orí WhatsApp ẹni tó ti jí tirẹ̀ gbé tẹ́lẹ̀ kọ̀wé sí yín pé, 'Ẹ má bínú mà, mo ṣèèṣì fi nọ́ḿbà kan ránṣẹ́ sí yín.' Tàbí kó ní orúkọ yín ti jáde fún owó ìrànwọ́. Bí ẹ bá ti ka kóòdù náà fún un, WhatsApp kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kìlọ̀ pé ká má fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ta ló ráyè kà á láàárín èrò Ọjà Ọba?

Ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ búra ní kóòtù ná. Ẹ dé báǹkì, ti ibí á ní kẹ́ ẹ lọ bá ti ọ̀hún. A fi NIN so síìmù, a fi BVN so àkáǹtì, síbẹ̀ wọn ò rí ẹni tí owó wọ àkáǹtì rẹ̀. Kí wá ni wọ́n ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún?

Oògùn rẹ̀ wà nínú WhatsApp fúnra rẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, lẹ́yìn náà Two-step verification, kẹ́ ẹ tẹ Turn on. Ẹ yan PIN olóǹkà mẹ́fà tiyín, kì í ṣe 123456 o, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì yín sí i. Bí olè bá tilẹ̀ gba kóòdù, yóò bá PIN lẹ́nu ọ̀nà. WhatsApp á máa bi yín ní PIN yìí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ má baà gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ló rò pé olè ló ń béèrè rẹ̀, tí wọ́n sì pa ètò PIN náà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìsọ̀ fóònù. Àwọn ọmọ tó ń ṣí WhatsApp fún àwọn àgbà kì í fi PIN sí i rárá, tàbí kí wọ́n fi ímeèlì ara wọn sí i. Kí ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́ di òfin láti Arákalẹ̀ dé Alágbàka: ẹni tó bá ta fóònù tàbí tó ṣí WhatsApp fúnni kò gbọdọ̀ gbé e léni lọ́wọ́ láìsí PIN, oníǹkan ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹni tí wọ́n bá ti gba tirẹ̀, kó tún fi nọ́ḿbà rẹ̀ wọlé, kó tẹ kóòdù tuntun. Olè á já bọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ọjọ́ méje lẹ ó fi dúró kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ má máa méfò kóòdù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí àwọn ádímìn yọ nọ́ḿbà náà kúrò nínú ẹgbẹ́ kíákíá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn onísọ̀ fóònù kúkú mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá tún ń lọ, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ PIN yìí dání.

Òǹkàwé yín,
Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́