Lẹ́tà U tí ó sọ wá di ẹgbẹ́

Bàríga, Èkó.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara gbogbo ilé yín ní Leeds le? Inú mi dùn púpọ̀ sí ìwé tí o kọ sí mi, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o má bínú pé ó pẹ́ kí n tó fèsì. Iṣẹ́ àṣekágbá kíláàsì gíráfíìkì wa ni ó gbà mí lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ìwọ ni o kọ́ mi bí a ṣe ń fi rúlà fa ìlà tí kò wọ́ nígbà tí a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó yẹ kí n ròyìn rẹ̀ fún ṣáájú rẹ.

Àwa márùn-ún ni olùkọ́ wa pín sójú kan. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí a ṣe pósítà álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì àwọn ọmọdé, kí ó tóbi tó A2, ìyẹn mílímítà 420 sí 594, kí a sì fi ọnà àdìrẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, àwa sì jẹ́ márùn-ún, nítorí náà a pín in ní márùn-ún márùn-ún, olúkúlùkù gba tirẹ̀, ó di ilé. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Nígbà tí a pàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kọ̀ǹpútà kan, ojú tì wá. Ajá tí ẹni àkọ́kọ́ yà ní irun àti òjìji bí ajá tí yóò gbó mọ́ ènìyàn. Labalábá tí èmi yà kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lásán lọ. Ràkúnmí ẹnì kẹrin sì dà bí èyí tí a gé láti ara páálí. Pósítà márùn-ún ni a ṣe, a kò ṣe ẹyọ kan. Èyí tí ó burú jù ni pé àyè lẹ́tà U ṣófo pátápátá.

Ọmọbìnrin Èkìtì kan ni U bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ní òun ti wá ọ̀rọ̀ títí, àti pé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tí U bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú tiwọn, ulé ni wọ́n ń pe ilé, ó sì ti fẹ́ lo èyí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ya ilé fún lẹ́tà I, ilé méjì kò sì lè wà lórí pósítà kan náà kí ó má da ọmọdé láàmú. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ó ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà láti alẹ́ ọjọ́ kẹta, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí pé bí a ṣe pín iṣẹ́ náà ti mú un gbà pé ẹrù òun nìkan ni. Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a jọ̀bi rẹ̀.

A jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ náà nínú yàrá mi, láìsí iná, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹnìkan sọ pé bí U kò bá lè ṣíwájú ọ̀rọ̀, ó ń wà nínú ọ̀rọ̀: ojú, ẹnu, orúkọ. Kí ló dé tí a kò fi kọ ojú, kí a sì fi àwọ̀ tí ó yàtọ̀ kọ ú tí ó wà níbẹ̀? Ẹlòmíràn tí ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú, ní Abẹ́òkúta, wá fi kún un pé nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ìyẹ́ adìyẹ bá fi ẹ̀kọ láfún sí ni aró kì í mú, ibẹ̀ ni yóò sì dúró ní funfun. Ó ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ pósítà náà jẹ́ aró, kí ọ̀rọ̀ jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, kí lẹ́tà tí à ń kọ́ ọmọ sì funfun bí ẹni pé ẹ̀kọ ni a fi bò ó.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí U nìkan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò dà bí àṣìṣe, nítorí náà lẹ́tà 24 yòókù ní láti yí padà: l méjèèjì nínú labalábá, k méjèèjì nínú kẹ̀kẹ́, títí dé òpin. Èyí túmọ̀ sí pé ajá onírun náà ń lọ. Ẹni tí ó yà á dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe.” Mo mọ oorun tí kò sùn nítorí ajá yẹn, mi ò sì ní gbàgbé gbólóhùn náà.

Láti ọjọ́ náà a kò pín lẹ́tà mọ́. Ẹni tí ó ya ajá náà ni ó ya gbogbo àwòrán, kí ó lè jẹ́ ọwọ́ kan. Èmi sì ni mo bójú tó bí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe hàn. Ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, tí gbogbo wa fẹ́ràn kò mọ Yorùbá. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ẹ̀ kò ní. Ṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé ẹ lórí lọ́tọ̀, bí ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì náà kò bá sì ti pèsè ibi tí àmì yóò dúró sí, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó gun lẹ́tà kejì. Mo dán fọ́ǹtì mẹ́sàn-án wò kí n tó fàbọ̀ sórí Noto Sans, tí ó gbé gbogbo àmì wa sí ipò wọn. Lẹ́yìn èyí, a ń ka ọ̀rọ̀ ara wa sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin Èkìtì náà ni ó rí i pé lábẹ́ àwòrán dáńfó, ọkọ ni mo kọ dípò ọkọ̀. Èmi ti wò ó ju ogún ìgbà lọ, n kò rí i.

Ìdánwò tó kẹ́yìn wà ní Ṣómólú, lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Aró wa tí ó dára lójú kọ̀ǹpútà jáde bí àwọ̀ elésè àlùkò. Bàbá tí ó ni ẹ̀rọ náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin sì ni ẹ̀rọ tiwọn ní, àti pé magenta, ìyẹn yíǹkì tí ó pupa díẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti pọ̀ jù nínú búlúù wa. A dín in kù, a tún fi mílímítà 3 kún etí pósítà kí gígé má baà fi funfun sílẹ̀, a sì tẹ èyí tí ó kéré wò kí a tó tẹ ńlá.

Nígbà tí a gbé e wá síwájú kíláàsì, olùkọ́ wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé apá tirẹ̀. Wọ́n ní kí èmi sọ̀rọ̀ lórí àwòrán, kí ẹni tí ó yàwòrán sọ̀rọ̀ lórí fọ́ǹtì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé, títí kan ìdí tí ẹ́ kò fi ní àyè tirẹ̀.

Mo ti fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Jọ̀wọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́ síta, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí o ní ó ń kọ́ Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé. Má sọ ohunkóhun fún un. Kàn wo lẹ́tà tí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, nítorí àwa márààrún ni a ń retí rẹ̀.

Bá mi kí wọn nílé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.