Bí ẹ bá ń bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Regent's Park

Fúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ara Màmá le? O ní Màmá fẹ́ kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá Regent's Park bí ẹ bá dé London ní Disẹ́ńbà, ìwọ náà sì fẹ́ bá wọn wọlé, àmọ́ o ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí ni ọmọ ìjọ Àgùdà ń wá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Wọn kì í gbowó ìwọlé, wọn kì í sì í wádìí ẹ̀sìn ẹni. Aago ló lè da ìrìn yín rú.

Nílé, aago méjì la mọ̀ mọ́ àílà, aago mẹ́rin mọ́ àlàásárì. Ẹ má gbé aago yẹn wá síbí. Ní àárín Disẹ́ńbà, oòrùn London kì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àílà á wọlé ní nǹkan bí aago méjìlá, àlàásárì kí aago méjì tó lù, mọ̀gàríbì ní nǹkan bí 3:55. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́rin láti kí àlàásárì, mọ̀gàríbì ni yóò bá wọn lórí rẹ̀. Bí ìlú yìí ṣe wà lókè lọ́hùn-ún ní apá àríwá ayé ló fà á. Ní Júùnù ńkọ́, oòrùn ò ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá. Wo àtẹ ìrun ti mọ́ṣáláṣí náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọjọ́ tí ẹ ń lọ gan-an. Kí o sì kíyè sí i pé ìgbà tí ìrun wọlé yàtọ̀ sí ìgbà tí lèmọ́ọ̀mù máa síwájú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí ẹ mú, kí ẹ dé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ẹ ó ráyè wo ilé, Màmá á kí àílà, ẹ ó jẹun, wọ́n á tún kí àlàásárì kí ilẹ̀ tó ṣú. Jímọ̀ọ̀ kò dáa fún àlejò tó fẹ́ wòran: èrò á kún títí dé àgbàlá, bàtà á sì dàpọ̀ mọ́ra. Ẹ mú náílọ̀ọ̀nù dání fún bàtà yín lọ́jọ́kọ́jọ́.

Ẹ sọ̀ ní ibùdó rélùwéè Baker Street, kí ẹ gba Park Road lọ sí apá àríwá. Ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún ọ. Fún Màmá, ẹ pè é ní ọgbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó ti rí òrùlé rìbìtì aláwọ̀ wúrà.

Kí Màmá ṣe àlùwàlá nílé kí ẹ tó jáde. Ẹni tó wọ bàtà búùtù, ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti kóòtù mẹ́ta á pẹ́ lẹ́nu omi, òtútù á sì mú un. Ìwọ, wọ yẹ̀rì tó dé ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹ̀wù alápá gígùn, kí o fi ìborùn bo orí àti ọrùn. Fi gèlè sílẹ̀ o! Kì í bo ọrùn, ó sì ń dí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn. Òkè ni àwọn obìnrin ti ń kírun, níbi tí wọ́n ti ń wo gbọ̀ngàn ńlá nísàlẹ̀. Bí orúnkún Màmá bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà. Jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, má gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá, kí o sì gbàṣẹ kí o tó ya fọ́tò.

Bí o bá ń wo ilé náà, rántí pé Frederick Gibberd tó ya àwòrán rẹ̀ ló ya ti kàtídírà Àgùdà ní Liverpool, tí wọ́n ṣí ní 1967. Sọ ìyẹn fún fáda yín! Ọdún 1940, tí bọ́ǹbù Jámánì ń rọ̀ sórí ìlú yìí, ni ìjọba Churchill ya £100,000 sọ́tọ̀ láti fi ra ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Ọba George Kẹfà ṣí ibùdó àṣà Ìsìláàmù níbẹ̀ ní 1944, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí fúnra rẹ̀ kò parí títí di 1977. Ṣọ́ọ̀bù ìwé àti ilé oúnjẹ wà nínú ọgbà náà.

Fún ìrun inú ilé tí ẹ máa wọ̀ sí: gábàsì tí wọ́n ń kọjú sí kírun níbí kọ́ ni ti Ìbàdàn. Láti ọ̀dọ̀ yín, Mẹ́kà wà ní ìlà-oòrùn tó yẹ̀ sí àríwá. Láti London, ìlà-oòrùn tó yẹ̀ sí gúúsù ni. Kí Màmá má kàn kọjú síbi tí oòrùn ti yọ.

Fi ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ramọ́tà