Ẹ̀sùn lórí ìpara eéwo tí ẹ ní ó bá guinea pig mu

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,
nípasẹ̀ Ẹ̀ka Tó ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Oníbàárà.

Ẹ̀yin Alákòóso,

Mo kí yín. Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn kàn yín lórí ìpara eéwo tí ilé-iṣẹ́ yín ń ṣe fún àwọn ẹran ọ̀sìn kéékèèké, èyí tí mo rà fún guinea pig mi nígbà tí kókó kan yọ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kì í ṣe pé ìpara náà kò ṣiṣẹ́ nìkan ni mo ń wí. Ohun tí mo ń wí ni pé àwòrán guinea pig wà gàdàgbà lára páálí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kó dé ẹnu guinea pig rárá, àti pé ìwé ìlànà tí ẹ fi sínú páálí náà ń kọ́ ènìyàn ní ohun tó lè sọ eéwo kékeré di ọ̀ràn ikú.

Ìwé náà sọ pé kí n fi aṣọ tí mo rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ kókó náà, kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí ọyún yóò fi tán, kí n fi ìpara sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n sì jẹ́ kí ojú egbò náà tètè padé. Bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an ni mo ṣe é. Ọyún tó jáde kò tó nǹkan, ó funfun, ó sì ki bí ọṣẹ ìfọyín. Ojú egbò náà padé kíá bí ẹ ti wí, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀, nítorí kókó náà tún wú, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Guinea pig a máa fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nu ojú àti àgbọ̀n rẹ̀, á sì lá ẹsẹ̀ náà bó bá ti nù ún tán. Bí mo bá ti fi ìpara yín sí i, mo máa ń rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ rẹ̀, tó máa ń jáde ní hóró hóró gbígbẹ, fi rọ̀ tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Koríko tí mo gbé síwájú rẹ̀ kò dín, ó ká ara rẹ̀ jọ sí igun kan, irun rẹ̀ sì dìde.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, páálí yín ni ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ó ka àwọn èròjà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ìka lé bacitracin, oògùn apakòkòrò kan. Ó ṣàlàyé fún mi pé koríko tí guinea pig ń jẹ kò lè dà láìsí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín rere tó ń gbé inú ìfun rẹ̀, àti pé bí bacitracin, penicillin, ampicillin, amoxicillin, lincomycin, clindamycin tàbí erythromycin bá gba ẹnu wọlé, wọ́n lè pa àwọn kòkòrò rere wọ̀nyí run, kí kòkòrò burúkú bíi Clostridium difficile wá gba ilé wọn, kó gbilẹ̀, kó sì máa tu májèlé sínú ìfun. Guinea pig kò lè bì, nítorí náà ohun tó bá ti gbé mì ti di tirẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yè é. Mo mọ̀ pé ìrora eéwo nìkan náà lè mú kí ẹran má jẹun, n kò sì ní di gbogbo ẹ̀bi ru ìpara yín. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe oògùn tí wọn yóò fi sí abẹ́ àgbọ̀n ẹran tó ń fi ahọ́n tọ́jú ara rẹ̀ ní láti ro ti ahọ́n náà kí ó tó ya àwòrán ẹran ọ̀hún sára páálí.

Èyí tó dùn mí jù ni ìdáhùn òṣìṣẹ́ yín. Kí n tó lọ bá dókítà, mo pe nọ́ńbà tó wà lára páálí, mo sì ṣàlàyé pé eéwo náà ti padà wá. Òṣìṣẹ́ náà bá mi sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n ra amoxicillin oníhóró tí ẹ ń ṣe fún ajá, kí n gé e sí wẹ́wẹ́, kí n lọ̀ ọ́ mọ́ omi, kí n sì máa fún un mu. N kò fún un, nítorí pé mo ti kà á tẹ́lẹ̀ pé oògùn ajá àti ti guinea pig kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹlòmíràn tó fọkàn tán yín yóò fún tirẹ̀, kò sì ní mọ ohun tó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe wá tọ́jú eéwo náà, kí ẹ lè fi wé ohun tí ìwé yín ń sọ. Àwòrán X-ray ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ogún eyín ni guinea pig ní, gbogbo wọn ló ń hù títí ọjọ́ ayé rẹ̀, eéwo abẹ́ àgbọ̀n sì lè ti ìdí eyín wá. Bó bá jẹ́ láti ibẹ̀ ni, kò sí ìpara tó lè dé ọ̀hún. Eyín guinea pig tèmi mọ́. Dókítà mú díẹ̀ lára awọ inú eéwo náà fún àyẹ̀wò, nítorí pé kòkòrò tó wà láàárín ọyún sábà máa ń ti kú. Èsì fi hàn pé Streptococcus zooepidemicus ni, kòkòrò kan tó lè wà ní imú àti ẹnu wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, àfi bí pòpórò koríko líle bá gún wọn lẹ́nu, tó sì gba ojú ọgbẹ́ náà wọ inú àwọn kókó ọrùn.

Ó wá yé mi ìdí tí títẹ̀ kò fi lè wo irú eéwo yìí. Àpò kan tó nípọn ló di ọyún náà mọ́ inú, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú àpò ọ̀hún, ọyún fúnra rẹ̀ sì ki débi pé kì í ṣàn jáde. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lè bẹ́ àpò náà sí abẹ́ awọ, kí àrùn náà sì tàn káàkiri. Dókítà fún un ní oògùn akunilóorun, ó gé èyí tó ṣeé gé lára àpò náà kúrò, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú egbò náà sílẹ̀ gbayawu, kí ó lè jinná láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni mo ń fi omi rọ èépá rẹ̀ kúrò, tí mo sì ń fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀ tí dókítà fún mi, títí omi náà yóò fi máa jáde ní mímọ́. Ojú egbò tí ẹ ní kí ó tètè padé gan-an ni mo ń ṣí. Trimethoprim pẹ̀lú sulfa ni oògùn apakòkòrò tí ó ń mu, ó sì ń mu meloxicam fún ìrora. Koríko lílọ̀ tí a pò mọ́ omi ni mo fi ń bọ́ ọ lẹ́nu nígbà tí kò lè dá jẹun, nítorí pé bí ìfun rẹ̀ bá dúró, ìyẹn nìkan tó láti pa á. Mo sì ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Ìwé yín kò mẹ́nu ba fítámì C pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ guinea pig kò lè ṣe é nínú ara rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ẹran mìíràn ti ń ṣe é. Ó nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, bó bá sì ń ṣàìsàn, ó lè tó 30. Bí kò bá rí i, egbò kì í tètè san.

Ó ti ń jẹun báyìí, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti gbẹ padà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìpara yín ṣì wà lórí àtẹ pẹ̀lú àwòrán kan náà.

Mo ń béèrè pé kí ẹ yọ àwòrán àti orúkọ guinea pig kúrò lára páálí náà, kí ẹ sì kó èyí tó ti wà lọ́dọ̀ àwọn olùtajà padà. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ti rà á, kí ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé guinea pig kò gbọ́dọ̀ lá a. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ títẹ̀ kúrò nínú ìwé ìlànà yín, kí ẹ fi ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbé ẹran náà lọ bá dókítà rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn tó ń gbé fóònù yín ní orúkọ àwọn oògùn tí mo kà sókè yìí, kí ẹ sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti júwe oògùn ajá fún ẹran mìíràn. Ní tèmi, mo fẹ́ kí ẹ dá owó ìpara náà padà, kí ẹ sì san owó ìtọ́jú tí dókítà gbà lọ́wọ́ mi. Mo fi ẹ̀dà ìwé owó méjèèjì, èsì àyẹ̀wò àti fọ́tò páálí yín mọ́ lẹ́tà yìí.

Mo fẹ́ kí ẹ fèsì ní kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa kó ìpara náà kúrò lórí àtẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.